Dídí Kì í Ṣe Lílẹ̀: Ìtàn Rọ́bà Etí Gíláàsì Ọkọ̀ Àtijọ́ ní Ilẹ̀ Yewa

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìtàn ni, ọ̀rọ̀ èdè sì ni pẹ̀lú. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rọ́bà tí ó yí gíláàsì iwájú ọkọ̀ àtijọ́ ká, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa ń pè ní rọ́bà wínskírìn, àti irin ọ̀ṣọ́ dídán tí wọ́n máa ń tẹ̀ bọ inú rọ́bà náà. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú rí láti sọ Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá di ọ̀tun, tàbí Peugeot 404 tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, yóò jẹ́ mi lẹ́rìí pé kì í sábà jẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ni ó ń dá ènìyàn lágara jù. Ẹ̀rọ ṣeé tú, ó sì ṣeé tò padà. Omi ni ọ̀tá. Etí gíláàsì iwájú sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé láti jẹ irin ọkọ̀ run.

Ìdí tí mo fi mú ilẹ̀ Yewa kò ṣòro. Agbègbè tí Ìlaròó, Ayétòrò, Ìmẹ̀kọ, Ọjà-Ọ̀dàn àti Ìdí-Ìrókò wà yìí, tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yewa ní ọdún 1995, ti di ilẹ̀ ẹnubodè láti ìgbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ti pín in láàárín ara wọn nínú àdéhùn ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, ọdún 1889. Àdéhùn yẹn la àwọn ará Kétu sí méjì: ìlú Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wá dé, àwọn kan gba Èkó wá, àwọn kan gba Àjàṣẹ́ àti Kútọnu wá. Ilẹ̀ Yewa ni wọ́n ti pàdé.

Wọn kò tilẹ̀ jọ rìn lápá kan náà títì. Nàìjíríà ń wakọ̀ lọ́wọ́ òsì gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Dàhòmì, tí ó di orílẹ̀-èdè Benin ní ọdún 1975, ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí àwọn Faransé. Awakọ̀ tí ó bá ti Ìdí-Ìrókò sọdá ní láti bọ́ sí apá kejì títì kí ó tó máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin, ọdún 1972, tí ó bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ni Nàìjíríà yí padà sí ọwọ́ ọ̀tún. Nítorí náà, bí ẹ bá rí Morris Minor kan tí koríko ti bò lẹ́yìn ilé ní Ìlaròó, tí stẹ́ẹ́rìn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé ó ti wà ní orílẹ̀-èdè yìí ṣáájú ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n gíláàsì iwájú Ìjàpá kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Apá kan rẹ̀ bá èkejì dọ́gba; ihò wáípà tí wọ́n lu sára irin ọkọ̀ nìkan ni ó yàtọ̀. Gíláàsì tí wọ́n bọ́ lára Ìjàpá Kútọnu lè wọ ti Èkó láìsí wàhálà, bí ọdún tí wọ́n ṣe wọ́n bá ti súnmọ́ra. Inú mi máa ń dùn sí èyí ju bí ó ti yẹ lọ, bóyá nítorí pé àwọn ènìyàn tí ààlà pín níyà kò rí irú ìdọ́gba bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí ọkọ̀ wá pọ̀ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìjọba ni àárín àwọn ọdún 1970. Ìgbìmọ̀ Udoji ti dábàá àfikún owó oṣù ní ọdún 1974, owó náà sì dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975. Ọdún 1975 yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ nílẹ̀ wa. Ènìyàn ti mọ Peugeot ṣáájú ìgbà náà. Ọdún 1960 ni 404 jáde, ó sì gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1963, 1966, 1967 àti 1968, lórí ọ̀nà tí kò sàn ju ọ̀nà Ayétòrò sí Ìmẹ̀kọ ti ayé ìgbà náà lọ. Àbúrò rẹ̀, 504, jáde ní 1968, wọ́n sì ń tò ó ní Kàdúná títí di nǹkan bí ọdún 2005. Ní ti Ìjàpá, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe èyí tí ó kẹ́yìn wà ní Mẹ́síkò, ní oṣù keje ọdún 2003.

Ohun kan náà ni ó so gbogbo ọkọ̀ wọ̀nyí pọ̀: rọ́bà ni ó di gíláàsì iwájú wọn mú.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó ti rí látilẹ̀wá. Àwọn ọkọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, inú férémù igi tàbí idẹ ni gíláàsì wọn wà, pẹrẹsẹ ni gíláàsì náà, òmíràn sì ṣeé ṣí sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Gíláàsì lásán ni, irú èyí tí ó ń gé ènìyàn bí ó bá fọ́. Ọmọ Faransé kan, Édouard Bénédictus, ni ó gba ìwé àṣẹ ní 1909 lórí gíláàsì ìpele méjì tí awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín wọn, tí kò ní tú ká bí ó bá sán. Nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ irin ọkọ̀ ní odindi, wọ́n sì ń dá gíláàsì ní kọ̀rọ́ (gíláàsì iwájú Morris Minor, tí ó jẹ́ méjì pẹrẹsẹ, di ẹyọ kan tí ó tẹ̀ ní 1956). Férémù igi kò lè bá irú èyí mu mọ́. Wọ́n wá rọ rọ́bà kan tí ó ní kòtò méjì: etí gíláàsì wọ inú kòtò kan, etí irin ọkọ̀ wọ inú èkejì. Fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹwà, wọ́n fi kòtò kẹta sójú rọ́bà náà, níbi tí irin ọ̀ṣọ́ ń wọ̀.

Rọ́bà yìí kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Lẹ́yìn tí Charles Goodyear ti rí i ní Amẹ́ríkà ní 1839 pé bí a bá fi imí-ọjọ́ sínú rọ́bà tí a sì fi iná sí i, kò ní yọ́ nínú ooru bẹ́ẹ̀ ni kò ní le nínú òtútù, gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í wá igi tí ó ní oje. Ọ̀kan nínú wọn ni igi ìrẹ́ inú igbó tiwa, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Funtumia elastica. Ní àárín àwọn ọdún 1890, nígbà tí Gómìnà Carter wà ní Èkó, àwọn ènìyàn ya wọ igbó láti fi ọ̀bẹ kọ ìrẹ́. Ní ọdún 1895 nìkan, rọ́bà tí ó gba Èkó jáde lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn ní ìwọ̀n. Wọ́n kọ igi náà léraléra títí igi fi kú, òwò náà sì wó lulẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Rọ́bà tí ó wá yí gíláàsì Ìjàpá ká ní àwọn ọdún 1960 kì í ṣe oje ìrẹ́ mọ́. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rò pé ìmọ̀ nípa rọ́bà bá ọkọ̀ òkun dé láìpẹ́ yìí ni, kí ó lọ wo ìrẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ èdè, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo àṣìṣe inú iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti àwọn ọdún 1960, àwọn ilé-iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi gọ́ọ̀mù lẹ gíláàsì mọ́ irin ọkọ̀ tààrà. Díẹ̀díẹ̀ ni àṣà náà tàn káàkiri, débi pé nínú ọkọ̀ òde òní gíláàsì iwájú ti di ara egungun ọkọ̀. Ó ń ràn òrùlé lọ́wọ́ láti dúró, àpò afẹ́fẹ́ tí ń dáàbò bo èrò sì lè fẹ̀yìn tì í bí ó bá wú. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tòkunbọ̀. Ẹ ó rántí pé Tòkunbọ̀, "ó ti òkun bọ̀", jẹ́ orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun kí wọ́n tó gbé e wá sílé. Lẹ́yìn ètò ọrọ̀-ajé SAP ti ọdún 1986, tí náírà já wálẹ̀ tí ọkọ̀ tuntun sì di ohun tí ojú ń rí tí ọwọ́ kò lè tó, orúkọ náà bọ́ sára ọkọ̀ àlòkù. Ọ̀pọ̀ wọn sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté Kútọnu, wọ́n sì gba orí ilẹ̀ wọ ẹnubodè wá, àwọn kan lọ́nà ẹ̀tọ́, àwọn kan lọ́nà fàyàwọ́. Fàyàwọ́ náà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè gbádùn: fi àyà wọ́, ìyẹn ni pé kí ènìyàn dojú bolẹ̀ kí ó máa wọ́ bí ejò nínú koríko. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ó ti òkun bọ̀ tún fi àyà wọ́.

Àwọn tí ń ṣe gíláàsì ọkọ̀ kọ́ iṣẹ́ tuntun lára tòkunbọ̀: wọ́n kọ́ lílẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, dídí ni iṣẹ́ wọn. Yorùbá ya ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì sọ́tọ̀ kedere. A ń dí ihò, a ń dí ẹnu ìgò, a ń dí ọ̀nà omi. Ohun tí a fi dí i ṣeé yọ. A ń lẹ ìwé mọ́ ògiri, a ń lẹ bàtà. Ohun tí a bá lẹ̀, àfi kí a ya á. Ṣùgbọ́n nígbà tí gọ́ọ̀mù kan náà wà lọ́wọ́ oníṣẹ́ fún iṣẹ́ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún onílé pé òun yóò "lẹ" gíláàsì Ìjàpá fún un. Ó sì ṣe bí ó ti wí. Ó fa gọ́ọ̀mù líle yí rọ́bà ká, omi dúró fún ìgbà òjò kan, gbogbo ènìyàn sì yọ̀.

Àbájáde rẹ̀ kì í pẹ́ yọjú. A ṣe ọkọ̀ àtijọ́ kí gíláàsì rẹ̀ lè máa mì díẹ̀ nínú rọ́bà. Bí táyà bá bọ́ sínú kòtò ní ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, irin ọkọ̀ a lọ́ díẹ̀, rọ́bà a gbà á, gíláàsì kò sì ní mọ̀. Bí gọ́ọ̀mù líle bá ti dì í mú, nǹkan kan gbọ́dọ̀ yẹ̀: bóyá kí gíláàsì sán láti igun, bóyá kí gọ́ọ̀mù ya díẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Èyí tí ó ya díẹ̀ ni ó burú jù. Omi a gba ibẹ̀ wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́, nítorí pé a ti dí gbogbo ibi tí ó yẹ kí ó gbà sàn lọ. Ìpáàrà a bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rọ́bà ní igun méjèèjì ìsàlẹ̀. Nígbà tí ọ̀dà bá fi máa wú jáde, irin abẹ́ rẹ̀ ti di bíi bébà. Mo ti rí Ìjàpá kan ní Ayétòrò tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń dún geere, tí a sì lè ti ìka bọ etí gíláàsì rẹ̀ títí dé ibi tí wáyà wà. Iṣẹ́ panẹbítà tí yóò gé irin náà tí yóò sì jó òmíràn mọ́ ọn pọ̀ ju owó rọ́bà tuntun lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní àtijọ́? Okùn àti omi ọṣẹ ni àṣírí rẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti fi pẹ̀lẹ́tù yọ irin ọ̀ṣọ́ (nítorí pé bí ó bá tẹ̀, kì í tọ́ mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀), ọ̀bẹ ni a fi ń gé rọ́bà gbígbó kúrò kí a tó yọ gíláàsì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi agbára ti gíláàsì tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó gan-an gan-an. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà náà ni kò ní gíláàsì ìpele méjì. Gíláàsì tí wọ́n fi iná mú le ni wọ́n ní, èyí tí ó ń fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà bí nǹkan bá kọlu etí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni apá tí kò dùn ún ṣe, tí gbogbo ènìyàn sì fẹ́ fò: kí a ha gbogbo gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò ní etí irin, kí a fi sáńpépà ha ìpáàrà títí irin yóò fi funfun, kí a kun ún, kí a sì jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ dáadáa. Rọ́bà tuntun lórí irin tí ó ti dógùn-ún kò yàtọ̀ sí fìlà tuntun lórí egbò.

Bí irin bá ti mọ́, rọ́bà ni a kọ́kọ́ ń fi wọ gíláàsì nílẹ̀, lórí aṣọ tàbí tìmùtìmù. Nínú Ìjàpá, ìgbà yìí gan-an ni irin ọ̀ṣọ́ ń wọ inú kòtò rẹ̀, nígbà tí rọ́bà ṣì ṣeé yà sọ́tùn-ún sósì. Ẹni tí ó bá dúró di ìgbà tí gíláàsì ti wà lójú ọkọ̀ yóò jà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Lẹ́yìn náà ni a óò fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó lágbára sínú kòtò tí yóò gba etí irin, yí gbogbo rẹ̀ ká, kí orí okùn méjèèjì rékọjá ara wọn ní àárín ìsàlẹ̀. Omi ọṣẹ ni a óò fi pa á. Ẹni méjì ni iṣẹ́ tí ó kù gbà: ọ̀kan dúró níta, ó gbé gíláàsì lé ojú ọkọ̀, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, èkejì jókòó nínú, ó ń fa okùn díẹ̀díẹ̀. Bí okùn ti ń jáde, ètè rọ́bà ń gun etí irin. Ọ̀gá ni ó máa ń fa okùn, ọmọ-iṣẹ́ ni ó máa ń tẹ gíláàsì, nítorí ọwọ́ tí ó bá fa okùn jù yóò ya rọ́bà.

Ìgbà tí gíláàsì bá ti jókòó tán ni ọ̀rọ̀ dídí tó dé. Gọ́ọ̀mù tí ó yẹ ni èyí tí kì í gbẹ, tí ó máa ń rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù fún ọ̀pọ̀ ọdún. A ó fi nǹkan tí kò mú gbé ètè rọ́bà sókè, a ó fi ẹnu gọ́ọ̀mù náà sábẹ́ rẹ̀, láàárín rọ́bà àti gíláàsì, lẹ́yìn náà láàárín rọ́bà àti irin, a ó sì nu èyí tí ó bá ṣẹ́kù kúrò. Kò yẹ kí ojú rí i rárá. Ní ti sílíkóònù tí wọ́n ń tà fún fèrèsé ilé àti balùwẹ̀, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Bí ó bá ń kan bí ọtí kíkan, èròjà kíkan ni ó ń tú jáde bí ó ti ń gbẹ, èròjà náà sì ń jẹ irin. Ẹni tí ó bá fi í dí etí gíláàsì ọkọ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin ìpáàrà.

Ìṣòro tí ó kù ni ibi tí rọ́bà tuntun yóò ti wá. Oòrùn àti ọyẹ́ ilẹ̀ wa kì í dá rọ́bà sí. Rọ́bà èyíkéyìí tí ó bá ti wà lójú ọkọ̀ láti 1975 ti le bí igi. Ìjọba fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé láti ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2017. Ní oṣù kẹjọ 2019 wọ́n ti ẹnubodè, Ìdí-Ìrókò kò sì sí lára àwọn mẹ́rin tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ní oṣù Ọ̀pẹ 2020. Oṣù kẹrin 2022 ni ó tó kàn án. Láàárín ìgbà náà, ẹni tí ó ti máa ń sọdá lọ wá rọ́bà Peugeot lọ́dọ̀ àwọn ará Pọ́bẹ̀ tàbí Àjàṣẹ́ ní láti yíjú sí ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin, níbi tí ẹ̀yà ara Ìjàpá ti ń dínkù. Ọlọ́kọ̀ tí gíláàsì tirẹ̀ pẹrẹsẹ ṣì lè ní kí wọ́n gé òmíràn fún un lára gíláàsì ìpele méjì. Ọlọ́kọ̀ 404 tàbí 504, tí gíláàsì rẹ̀ tẹ̀, kò ní àǹfààní yẹn. Bí tirẹ̀ bá fọ́, àfi kí ó wá ọkọ̀ mìíràn tí ó ti kú. Èyí ni mo fi ń sọ pé kí a má ṣe jẹ́ kí oníṣẹ́ tí kò mọ okùn àti ọṣẹ fọwọ́ kàn án.

Bí gíláàsì bá ti jókòó tí a sì ti dí i, ẹ má tíì kó kápẹ́ẹ̀tì padà sínú ọkọ̀. Kí ẹnì kan mú tọ́ọ̀ṣì jókòó sínú, kí ẹlòmíràn máa fi ife da omi sí etí gíláàsì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè kò ní mọ ibi tí omi ti wọlé, nítorí pé omi máa ń bá inú rọ́bà sàn jìnnà kí ó tó kán. Bí ó bá kán ní ẹsẹ̀ awakọ̀, ẹ wo igun òkè lápá ibẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ìsàlẹ̀.